Túnbọ̀sún Ògúnbíyìí àti Áísìkiriìmù Tí Kò Ní Wàrà

Gbogbo ará àdúgbò Tyrrelstown ní Dublin tó mọ olóògbé Túnbọ̀sún Ògúnbíyìí ló mọ ìtàn ọjọ́ tó béèrè ènì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Japan. Àwọn mìíràn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Priscilla ni ojú rẹ̀ ṣe ní tòótọ́, obìnrin ọmọ Finglas kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù náà láàárín ìgboro Dublin. Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ èyí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù Keje. Túnbọ̀sún kó páálí áísìkiriìmù mẹ́rin sórí káńtà, ó sanwó, ó sì dúró. Priscilla dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì dúró.

"Ṣé ó ku nǹkan kan, ọ̀gá?"

"Ènì mi ńkọ́?"

Priscilla kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Túnbọ̀sún fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní bí ènìyàn bá ra ọjà tó pọ̀ tó báyìí, ó yẹ kí ẹni tó tà á bu díẹ̀ lé e, kí oníbàárà lè mọ̀ pé inú òǹtajà dùn sí òun.

"Inú mi dùn sí yín gan-an ni," Priscilla sọ.

"Mo gbọ́," ni Túnbọ̀sún dáhùn. "Fi hàn mí."

Àwọn ènìyàn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọjá, ó sì ń sọ fún wọn pé ènì òun lòun ń retí. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, ó kó páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú fìrísà fúnra rẹ̀ kí wọ́n má baà yọ́, ó sì padà wá sí ààyè rẹ̀. Priscilla ní láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òun kò rí ẹni tó ń fi sùúrù jà bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wá láti yàrá ẹ̀yìn. Bàbá àgbàlagbà ará Japan ni, gbogbo orí rẹ̀ ti funfun. Bó ṣe rí oníbàárà, ó tẹrí ba fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Túnbọ̀sún kò lè gbà kí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ máa tẹrí ba fún òun. Kíá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Bàbá rí i, òun náà tẹ̀ sí i. Ni Túnbọ̀sún bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àpò ìrẹsì àti ìgò ọbẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Priscilla, tó rò pé ó dákú ni, ti ń pe áńbúláǹsì.

Nígbà tí wọ́n fà á dìde, bàbá náà mú áísìkiriìmù onígi kan, ó fi ṣe ènì fún un. Túnbọ̀sún fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó yí i padà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ó sì dá a padà fún wọn. "Wàrà wà nínú eléyìí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ènì. Ṣùgbọ́n ènì kọ́ ló gbé e lọ síbẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ràn áísìkiriìmù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí oníyìnyín kan ní Mulhuddart, ó sì máa ń sọ pé òun kò lè fi owó òun ra òtútù tí wọ́n ń sanwó fún òun kóun tó lè fara dà.

Nítorí Máyọ̀wá ló ṣe lọ, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Ọláṣùmbọ̀ bí. Dublin ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ìgboro Dublin ló sábà fi ń fèsì, "Da" ló sì ń pe bàbá rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan nígboro, ó ń gbé ní Finglas, ó sì máa ń wá jẹun nílé ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Ní Sunday kan, ó sọ fún wọn pé òun kò ní jẹ ẹran mọ́, tàbí ẹja, tàbí ẹyin, tàbí wàrà, tàbí oyin pàápàá. Pé ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá, òun ti fi í sílẹ̀.

"Ṣé dókítà ló ní kí o má jẹ ẹ́ mọ́?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"No, Da."

"Pásítọ̀ ńkọ́?"

"No, Da. Èmi ni mo pinnu ẹ̀."

Túnbọ̀sún sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. "Máyọ̀wá, sọ òótọ́ fún mi. Ẹran wo ló ṣẹ̀ ọ́?"

Túnbọ̀sún ló ń dáná Sunday, nítorí pé Ọláṣùmbọ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ Sátidé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì máa ń sùn títí di ọ̀sán. Nítorí ọmọ rẹ̀, Túnbọ̀sún yọ ẹran kúrò nínú ẹ̀fọ́ rírò. Ó yọ ẹja gbígbẹ. Ó yọ pọ̀nmọ́ pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dúró wò ó lórí àwo fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e kúrò. Ó wá da edé lílọ̀ sí i. Lójú tirẹ̀, edé kì í ṣe ẹran, kì í sì í ṣe ẹja. Èròjà ni, bí iyọ̀. Ta ló wá ń ka iyọ̀ mọ́ ẹranko?

Bí Máyọ̀wá bá béèrè pé, "Da, ṣé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀?" bàbá rẹ̀ a dáhùn pé, "Ẹ̀fọ́ ni." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Máyọ̀wá fi ń jẹ ẹ́, tó ń yìn ín. Ó sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kò sí bàbá tó dà bíi tòun. Ní ọ̀sẹ̀ keje, edé kan tí kò kúnná bọ́ sójú ṣíbí rẹ̀, odidi orí, pẹ̀lú ojú méjèèjì.

Túnbọ̀sún máa ń sọ apá yìí fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní edé náà ló kọ́kọ́ wo òun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Máyọ̀wá rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo bi yín, Da. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń bi yín."

Kò bínú kúrò nílé. Ó ń wá ní gbogbo Sunday, ó ń kúnlẹ̀ kí wọn, ó ń bá wọn jókòó sídìí tábìlì. Ṣùgbọ́n kò fẹnu kan nǹkankan. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń jẹ oúnjẹ tó gbé wá láti Finglas, kó tó wọlé. Oṣù mẹ́jọ ló fi rí bẹ́ẹ̀. Túnbọ̀sún a máa dúró lójú fèrèsé, a máa wo ọmọ rẹ̀ tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹun nídìí ọkọ̀. Ọkùnrin tó lè bá ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì jiyàn fún wákàtí méjì kò ṣí ilẹ̀kùn lọ bá a.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan ni ọkọ̀ àwọn tó ń ta áísìkiriìmù ń kọrin kọjá ní àdúgbò, Máyọ̀wá sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tóun fi sílẹ̀, ìyẹn nìkan ló ń wu òun. Ó ní àwọn tó wà ní ọ́fíìsì òun máa ń lọ ra kan tó ti Japan wá, ìrẹsì gígún ni wọ́n fi ń wé e, òun a sì kàn máa wò wọ́n ni, nítorí wàrà tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé Túnbọ̀sún wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó ń tẹ́tí. Ní ọjọ́ kejì, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sígboro.

Ìrìn àkọ́kọ́ kò yọrí sí rere. Nínú fìrísà wọn, ó rí páálí kan tí wọ́n ya àwọn ọkùnrin méjì sí, wọ́n ń gún nǹkan funfun nínú odó. Ó pariwo débi tí Priscilla fi sáré wá. "Iyán! Àwọn wọ̀nyí náà ń jẹ iyán!" Ó gbàgbé áísìkiriìmù, ó ra méjì, ó délé, ó gbé e kaná, ó se ẹ̀gúsí sí i. Ìgbà tó gé òkèlè àkọ́kọ́ ló rí i pé ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ṣúgà sè ló wà nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Ọláṣùmbọ̀ bi í bóyá ó dùn. "Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn," ni Túnbọ̀sún wí, ó sì mu omi ife mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kejì tó lọ, ó mú ojú tó iṣẹ́. Wọ́n lẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kékeré mọ́ ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Priscilla sì fi hàn án. Túnbọ̀sún kò gba ìwé náà gbọ́. Ó ní ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lè jẹ́ irú òun. Àfi kí òun fi ojú ara òun ka ohun tí àwọn tó ṣe é kọ síbẹ̀.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ló ya àmì méjì tí wọ́n fi ń kọ̀wé ní Japan sórí bébà ní yàrá ẹ̀yìn, Priscilla sì mú un wá fún un: àmì wàrà àti àmì ẹyin. Túnbọ̀sún ní ti wàrà jọ obìnrin tó jókòó tó gbé ọmọ mọ́ra. Ti ẹyin jọ ilé méjì tó kọjú síra, tí ẹyin kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Ó fi bírò kọ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ló fi ń lọ ní gbogbo Sátidé, ó ń gbé páálí kọ̀ọ̀kan, ó ń na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Priscilla ní ó dà bí ẹni tó ń bá áísìkiriìmù búra.

Bírò náà kì í tètè parẹ́. Ní ọjọ́ Sunday kan, nígbà tí ìjọ gbé ọwọ́ sókè, pásítọ̀ rí àmì àjèjì lọ́wọ́ Túnbọ̀sún, ẹ̀rù sì bà á. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà á sí kọ̀rọ̀. "Arákùnrin, kí lẹ kọ sọ́wọ́ yẹn?"

"Wàrà àti ẹyin ni, sà."

Ní Sátidé karùn-ún ló rí ohun tó ń wá: oje àgbọn ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ìyá ọlọ́mọ níbẹ̀, kò sì sí ilé méjì. Ọjọ́ náà gan-an ni ọjọ́ ènì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti bá a pààrọ̀ ènì rẹ̀, ó bẹ bàbá oníṣọ́ọ̀bù pé kó bá òun kọ ìwé kan.

"Kí n kọ kí ni?"

"Pé kò sí wàrà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyin. Kò sí oyin. Kò sí edé."

"Edé?" Bàbá wò ó. "Nínú áísìkiriìmù?"

"Ẹ ṣáà kọ ọ́, sà. Ó nídìí."

Bàbá kọ ọ́ ní èdè Japan, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi òǹtẹ̀ pupa tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Máyọ̀wá jẹun tán nínú ọkọ̀, ó wọlé, ó jókòó. Bàbá rẹ̀ gbé àwo kan síwájú rẹ̀, áísìkiriìmù róbótó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà wò wọ́n, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Túnbọ̀sún ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀. Ó ti ń kọ́ ọ nílé ìwẹ̀ láti àárọ̀. Kò rántí ọ̀kankan.

"Mo purọ́ fún ọ," ló sọ. "Mo mọ̀ pé edé wà níbẹ̀, mo sì ní kò sí. Máyọ̀wá, má bínú."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọláṣùmbọ̀ ti ń bá a gbé, kò gbọ́ "má bínú" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jáde láti yàrá wá wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Túnbọ̀sún fi ìwé náà lélẹ̀. Máyọ̀wá kà á, ó dé ibi edé, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó mú èkejì. "Ah, Da," ló wí, "it's only gorgeous." Bàbá rẹ̀ fa àga kan. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀.

Láti Sunday tó tẹ̀lé e, Máyọ̀wá ń dúró tì í ní kíṣìnì bó bá ń dáná, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun gbogbo tó wọ ìkòkò. Ó tún padà ń jẹ oúnjẹ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri. Àwọn ìyá tí wàrà kò bá ọmọ wọn lára mu bẹ̀rẹ̀ sí gbé páálí wá fún Bàbá Ènì kó bá wọn kà á. Ọmọ bíi mẹ́fà ló wà ní Tyrrelstown tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ mú kí wọ́n mọ bí áísìkiriìmù ṣe ń rí lẹ́nu, àwọn òbí wọn sì ń dúpẹ́ títí di òní.

Ó kú ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, lójú oorun, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Priscilla àti bàbá oníṣọ́ọ̀bù wá síbi ìsìnkú, wọ́n jókòó láàárín wa, wọ́n sì bá wa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Ọláṣùmbọ̀ ṣí fìrísà ilé. Páálí mẹ́sàn-án ló bá níbẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, Túnbọ̀sún ti fi bírò kọ ọ́ pé: "Mo ti kà á. Jẹ ẹ́."

Máyọ̀wá kò jẹ wọ́n wéré. Róbótó kan ní ọjọ́ Sunday kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi ku ọ̀kan ṣoṣo nínú páálí tó gbẹ̀yìn. Ó gbé e jáde, ó gbé e padà, ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀.

"Wá jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kò rà á kí o fi máa ṣe ìrántí. Ó rà á kí o lè jẹ ẹ́ nílé yìí ni."

Máyọ̀wá jókòó sídìí tábìlì. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí àga tó ṣófo lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Yorùbá ló sọ.

"Ẹ ṣé o. Mo yó."