Sọ́fà Tí Ìyá Mi Kọ̀

Ní ọjà Asafo nílẹ̀ òkèèrè tí mo ti ń ta bàtà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kò ní ìtìjú rárá: sọ́fà. Bí oòrùn bá mú, sọ́fà ni. Bí ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní tròtró ò bá tètè kún, sọ́fà ni. Ẹ bi ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi pé báwo ni, á ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, sọ́fà nìkan ni o!" Á wá ṣí abọ́ fùfú tí ẹran kún inú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó máa ń jókòó tì mí lọ́jà. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní sọ́fà gan-an. Mo ní ìyà ni. Ó wo ọkùnrin oní-fùfú yẹn títí.

"Ìyà wo ló ń jẹ eléyìí?"

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyá mi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rí i pé kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Tipátipá ni mo fi mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà, ọ̀dọ́kùnrin kan, fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí Màmá ń sọ́fà. Mi ò tíì lanu tí ìyá mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ níbẹ̀.

"Nó sọ́fà!" Ó kọjú sí mi. "Sọ fún un pé mo lọ́mọ, mo ní ọmọ-ọmọ. Ìyà ò jẹ mí. Alhamdulillahi."

Inú bí mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi dàgbà nìyẹn: bí wọ́n bá béèrè ara rẹ, ọpẹ́ ni kí o fi dáhùn; bí o bá ń ráhùn lójú àlejò, o ti dójú ti àwọn ọmọ rẹ. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó ní ṣé ó ń dùn ún. Màmá wa eyín pọ̀, ó tún dúpẹ́. Dókítà kọ oògùn fún wa, ó ní ká máa lọ sílé.

Ibi tí a ti ń dúró de oògùn ni wọ́n ti pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún un. Kò sọ̀ kalẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, tó ń tẹ orí ba díẹ̀díẹ̀.

Obìnrin yìí, nígbà tí orúnkún rẹ̀ wú tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ náà ló ń forí kàn. Mo sáré padà sọ́dọ̀ dókítà, mi ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Dókítà, ìyá mi ò forí kanlẹ̀!"

Ó wò mí bóyá orí mi pé. Mo ṣàlàyé. Ọlọ́run ṣe é, ó gbọ́. Ó jáde wá, ó rí bí Màmá ṣe ká jọ, ó ní kí wọ́n gbé e wọlé kí wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò dáadáa. Ohun kan ti wú níbẹ̀, ó ti fẹ́ bẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn títí ó fi ní ó tó.

Ìyá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Bí mo bá pè é láàárọ̀, mi ò béèrè ara rẹ̀ mọ́, torí mo mọ ohun tó máa wí.

"Màmá, ṣé ẹ forí kanlẹ̀ lónìí?"

"Mo forí kanlẹ̀."

Èmi náà á ní Alhamdulillahi, màá wá ṣí ṣọ́ọ̀bù mi.