Tíì Alágolo tí Mo Fún Bọ́sẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Òdìgbó, táì wà lọ́rùn mi. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ń wá àwọn tó kàwé tí wọ́n lè rán lọ sí ìgbèríko. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rí táì yẹn, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Dókítà." Mo dá wọn lóhùn. Bí mo ṣe di dókítà nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń po oògùn níbẹ̀, Bàbá Dìsípẹ́ńsà ni gbogbo ìlú ń pè é. Inú iṣẹ́ ológun ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ní Bọ́mà, nígbà ogun Hítílà. "Ọ̀gbẹ́ni" ni ó ń pè mí lójoojúmọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń wọn oògùn sínú ṣíbí.

Mo ti lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Bọ́sẹ̀ wá láti Àgọ́ Aláyè. Ó mú lẹ́tà wá láti ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, ó sì pọn Bọ́sẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n o lè rò pé kò ju méjì lọ. Ikùn rẹ̀ tóbi, apá rẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kò sì dá lára rẹ̀.

Lẹ́tà náà ní inú ọmọ yìí kò gba gúlútẹ́nì. Gúlútẹ́nì ni ohun tó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bíi rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Ó wà nínú àlìkámà, ó wà nínú ọkà báálì, ó sì máa ń fara pamọ́ sínú àwọn oúnjẹ tí ènìyàn kò fura sí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ á bàjẹ́ débi pé oúnjẹ mìíràn kò ní ṣe é láǹfààní. Wọ́n ní bí a kò bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ọmọ náà lè kú. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó o.

Mo ká lẹ́tà náà, mo wúkọ́ díẹ̀. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fún ọmọ yìí ní àlìkámà."

"Àlìkámà kẹ̀?"

"Àlìkámà. Àti ohunkóhun tí wọ́n bá fi ṣe."

Ó ronú díẹ̀. "Mo ti gbọ́, Dókítà."

Nítorí pé ọmọ náà rù, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé tíì alágolo méjì fún un, irú èyí tí wọ́n ń fi omi gbígbóná àti mílíìkì pò. Àwòrán ọmọ òyìnbó kan tó sanra wà lára agolo náà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Láàárọ̀ àti lálẹ́," ni mo wí. "Èyí ni yóò gbé e dìde."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n padà wá. Ọmọ náà tún rù sí i.

"Kí ni ẹ ń fún un jẹ?"

"Búrẹ́dì ni, Dókítà. Mo máa ń ní kí àwọn awakọ̀ bá mi rà á bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀. Àkàrà ló fẹ́ràn, ó ń sunkún rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fún un."

"Ta ló ní kí ẹ má fún un ní àkàrà?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ àlìkámà. Bí wòlíì wa bá ń wàásù, àkàrà ni wọ́n ń sọ pé wọ́n fi ń ṣe."

Òótọ́ ni. Èdè ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pe búrẹ́dì ní àkàrà. Nínú ilé, ẹ̀wà ni àkàrà, fùláwà ni wọ́n sì fi ń ṣe búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó sọ fún obìnrin yìí rí pé fùláwà ni àlìkámà. Nítorí náà, ó gba oúnjẹ tí kò lè pa ọmọ náà lára kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi èyí tó ń pa á rọ́pò. Èmi tí mo dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹ kí n mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín, mo yíjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, mo sọ ọ́ fún wọn kí àwọn náà lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́sẹ̀ náà bá wa rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọ.

"Fùláwà ni mo ń wí," mo wí. "Búrẹ́dì, bisikíìtì, pọfupọ́ọ̀fù."

"Ká ní ẹ ti pè é ní fùláwà látìbẹ̀rẹ̀, Dókítà, ì bá ti yé mi."

Ó jáwọ́ nínú fùláwà. Mo gbọ́ pé bí wọ́n bá ń pín búrẹ́dì ní ilé àdúrà wọn lẹ́yìn ìdúpẹ́, ṣe ni ó máa ń di ọwọ́ Bọ́sẹ̀ mú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún padà wá, ikùn ọmọ náà le bí ìlẹ̀kùn, kò sì lè dá dúró mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù yẹn ni mo sọ di ìbínú.

"Ẹ ń fún un ní búrẹ́dì ṣọ́ọ̀ṣì ní ìkọ̀kọ̀."

"Rárá o, Dókítà."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa. Ẹ fẹ́ fi búrẹ́dì pa ọmọ yín."

Ìyá Bọ́sẹ̀ wo ilẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í ṣe níbì kan," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò yẹ tíì yín sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kọ́ọ̀bù òmìnira tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níléèwé ni mo fi ń pò ó fún un, láàárọ̀ àti lálẹ́."

Bàbá Dìsípẹ́ńsà jáde láti ìdí fèrèsé tó ti ń pín oògùn. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn agolo tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi awò sójú, ó ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà ní ìdí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n kọ mọ́ọ̀tì síbí. Kí ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì?"

Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó pé: wọn á rẹ ọkà báálì sómi títí yóò fi hù, wọn á sá a, wọn á lọ̀ ọ́.

"Ọkà báálì ni, sà."

Ó gbé agolo náà kalẹ̀, ó padà sí ìdí fèrèsé rẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ dúró síbẹ̀, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wo ẹnu mi. Mo lè sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Kò ní gbà ju gbólóhùn kan lọ. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ dá tíì náà dúró ná. Ara rẹ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ, ẹja àti ẹyin ni kí ẹ máa fún un."

"Ẹ ṣeun, Dókítà."

Nínú ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, mo kọ ọ́ pé ìyá ọmọ náà ti ń gbọ́ràn báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti kọ ìròyìn púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn nìkan ni mo há sórí. Láti ìgbà náà, n kò fún ẹnikẹ́ni ní agolo tí n kò kọ́kọ́ ka ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá rí mi tí mo ń kà á máa ń rò pé ọ̀mọ̀wé ni mí.

Kí ọdún tó parí, Bọ́sẹ̀ ti ń sáré. Ìyá rẹ̀ pe èmi àti Bàbá Dìsípẹ́ńsà wá síbi ìdúpẹ́ ní ilé àdúrà wọn. Wọ́n fi wá sí ìjókòó iwájú. Gbogbo wọn wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà, èmi nìkan ni mo wọ táì. Nígbà tí ó kan Ìyá Bọ́sẹ̀ láti jẹ́rìí, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

"Ẹ bá mi dúpẹ́," ó wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ọmọ mi. Dókítà kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́ dáadáa. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe títí di òní. Ọlọ́run dárí jì mí. Dókítà náà dárí jì mí."

Wọ́n kígbe halelúyà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Bàbá Dìsípẹ́ńsà tẹ̀ sí etí mi. "Ẹ dìde," ó wí. "Wọ́n ń dúró dè yín, Dókítà."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde. Mo ní, "Ọlọ́run ló ṣe é," mo sì jókòó. Ìyá Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí Bọ́sẹ̀ náà kúnlẹ̀.