Àpò Tó Wà Nínú Àká

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ṣiṣẹ́ ní Kutọnu ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gba owó oníbàárà, tó sì ń fi í dókòwò fún wọn. Èmi ni mo máa ń ṣírò iye tó wà ní ìkáwọ́ wa. A ó kó gbogbo ohun tí a fi owó wọn rà jọ, a ó sì fi iye tí ọjà pè é lọ́jọ́ náà díwọ̀n rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń ka owó tí oníbàárà ṣèlérí, tí kò tíì san, mọ́ ọn, torí iye tó ga a máa fa ènìyàn mọ́ra. N kò kà á sí irọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì wá sí Ìdáàṣà, ìyàwó mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń kó àgbàdo sínú àká kan ṣoṣo, títí àgbàdo yóò fi wọ́n. Wọ́n fẹ́ yá owó kọ́ àká kejì. Ilé ayánilówó ní kí wọ́n kọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn wá. Bí kò bá pé ọgọ́rùn-ún àpò, kò sí owó. Èmi ni mo bá wọn kọ ìwé náà. Ọgọ́ta àpò ló wà, àwọn obìnrin abúlé Gbaffo sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò kó àádọ́ta wá. Mo kọ àádọ́fà.

Ìyàwó mi mú kálàmù bíìkì, ó fa ìlà sí i, ó kọ ọgọ́ta.

"Bàbá àwọn ọmọ, àgbàdo tó ṣì wà nílé onílé, ṣé èmi ni mo ń ṣọ́ ọ ni?"

Mo ní bí a ti ń ṣe é ní Kutọnu nìyẹn. Ó ní bóyá eku Kutọnu a máa jẹ ìlérí.

Ilé ayánilówó kò yá wọn lówó. Ní ìpàdé, ìyá àgbà kan láti Gbaffo fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ fi ìwé pe owó wá, ìyàwó fi bíìkì lé e lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn àká.

"Ìyá mi, ẹ wọlé wá kà á."

Wọ́n kà á. Ọgọ́ta ni, kò lé, kò dín, àmì ẹni tó ni ín sì wà lára àpò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń dá àwọn ará Gbaffo dúró. Ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń pe iye ńlá, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Gbaffo fẹ́ gba àgbàdo wọn, wọn kò bá a. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò wá láti Gbaffo. Ti ìyá àgbà náà ló ṣáájú. Ilé ayánilówó rán ènìyàn wá kà á, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n kọ́ àká kejì sẹ́bàá ọ̀nà Arigbo.

Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi, àlùfáà sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ìyá àgbà ará Gbaffo dúró kí gbogbo èrò lọ tán kó tó wá bá mi.

"Ohun tí ìyàwó yín bá pè ní tiwa, a máa ń bá a níbẹ̀."

Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin àwọn ọ̀gá ní Kutọnu. N kò gbọ́ irú èyí rí.