Ọmọ Tí A Lọ Wò Lórí Òkè

Ní ọdún tí mo fi kàwé ní Dublin, ọ̀dọ̀ obìnrin Ìjẹ̀bú kan ní Tyrrelstown ni mo gbé. Opó ni wọ́n. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àwọn sì ni olórí àwọn tó ń fi èrò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ọ̀gá ọlọ́pàá ni wọ́n. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Yàrá mẹ́ta ló wà lókè ilé náà: tiwọn, tèmi, àti ọ̀kan tí a kì í ṣí. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló ni èyí tí a kì í ṣí yẹn. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ, ní nǹkan bí ọdún kan kí n tó dé. Mi ò mọ̀ ọ́n láàyè. Fọ́tò rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ ni mo mọ̀: ọmọ pupa, ó ní èjí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa tó bá òun wí.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù òkú. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, itẹ́ òkú wà lẹ́yìn ilé wa, ibẹ̀ la ti ń já máńgòrò jẹ. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn ń dà mí láàmú. Bí mo bá jókòó ti ìwé mi nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ tí Mọ́mì bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tí wọ́n rọra ní, "Ó dàárọ̀ o." Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Èmi ni màá wá gbé bírò sílẹ̀, tí màá máa tẹ́tí sí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, inú á bí mi sí ara mi.

Ní ìgbà òtútù, Mọ́mì bá mi nídìí síńkì níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Wọ́n ní ṣé mo ní nǹkan í ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀.

"Jẹ́ ká jáde, my dear. Ìlú kékeré kan wà lórí òkè Wicklow lọ́hùn-ún, inú igbó ló wà. Tá a bá lọ ní Sátidé, a máa sun ibẹ̀, ká padà ní Sunday."

"Sunday kẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, mà?"

"Mo ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀."

Wọn kò wò mí lójú. Ìyá yìí kan náà ló fi báńdéèjì wé orúnkún wọn lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í kọ ìgbafẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Mo ní ó dáa.

Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń gun òkè ni ìkùukùu ń sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wa. Nígbà tá a máa fi débẹ̀, a ò rí òkè mọ́, a ò rí ojú ọ̀run. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ń kán tótó. Igi gíga-gíga dúdú ló yí ìlú náà ká, ewé tútù kan tó rọ̀ bíi kànìnkànìn sì bo ìdí wọn àti òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Títì kan ṣoṣo ni ìlú ọ̀hún ní. Bí èèyàn bá ń bọ̀, ẹ̀yin á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀yin á wá rí bàtà rẹ̀, kí ẹ tó wá mọ ẹni tó jẹ́. Bàbá tó ni ilé tá a sùn sí pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ojú ọjọ́ náà grand, ìyẹn ni pé ó dáa. Mo wo ojú ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní grand, mo wo bàbá, mo kí wọn kú iṣẹ́.

Ohun tí kò yé mi ni ìmúra Mọ́mì. Kí a tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbé awò dúdú sójú, wọ́n fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, wọ́n sì fa ìborùn wálẹ̀ bo iwájú orí.

Mo ní, "Mọ́mì, oòrùn wo lẹ̀ ń sá fún?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a fẹ́ kọjá níwájú ilé tíì kan tí iná ń tàn nínú rẹ̀, wọ́n fà mí sọdá sí òdìkejì títì, wọ́n sì di apá mi mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dùn mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìgbafẹ́ kọ́ la bá wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Nígbà ẹ̀rùn, arábìnrin kan láti Adamstown, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá síbí. Ó wọ ilé tíì yẹn. Ẹni tó gbé tíì fún un, ọmọ Mọ́mì ni.

"Ó jọ ọ́ ni, mà."

"Ó ní kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tó pa á lẹ́nu mọ́, tí ojú wọn ò sì ṣe mẹ́rin."

Gbogbo ara mi ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ta ni kò gbọ́ nípa àkúdàáyà rí? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó kú, tó wá lọ jókòó sí ìlú òkèèrè níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹun, tó ń kí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí òun àti ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé bá fojú kan ara wọn, ó parí. Á pòórá ni, wọn ò sì ní rí i mọ́ láé.

Mo ní, "Mọ́mì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lé ẹ̀mí òkùnkùn lọ́jọ́ Friday!"

"I know. Ṣé mo sọ fún pásítọ̀ ni?" Wọ́n yọ awò dúdú náà, wọ́n nu ojú. "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ẹ́. Ìwọ lo lè wọlé. Wò ó fún mi dáadáa. Èmi á dúró sí òdìkejì títì, mi ò ní jẹ́ kó rí mi."

Inú bí mi. Mo ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo fi sílẹ̀, òtútù ń mú mi, wọ́n sì ti tàn mí wá sórí òkè wá wo iwin. Ẹnu ń yún mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọdé sọ fún àgbà. Mo ní, "Mà, ṣebí wọ́n sin ín. Ní Dublin ni wọ́n sin ín sí."

"Ta ló rí i?"

Mo yíjú sí fèrèsé.

"Mo ní ta ló rí i? Wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tì mí mọ́lé, wọ́n ń kọrin lé mi lórí títí àwọn ọkùnrin fi padà dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ibẹ̀. Àwọn Òyìnbó níbi iṣẹ́ mi máa ń bi mí pé irú òdòdó wo ni mo gbìn sórí rẹ̀, pé ṣé mo máa ń lọ bá a sọ̀rọ̀ ní Sunday. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ọmọ mi jáde nílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wọ áńbúláǹsì. Ibi tí mo rí i mọ nìyẹn."

Àṣà yẹn, èmi náà ti rò pé àánú ló wà nínú rẹ̀, pé kí ojú òbí má rí ibi. N kò rò ó rí pé ẹni tí kò rí òpin nǹkan lè máa wá a kiri. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n má bínú, màá lọ wò ó.

Ní òwúrọ̀ Sunday, ìkùukùu ti nípọn sí i. Mo fi Mọ́mì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta kan tó kọjú sí ilé tíì, mo sọdá. Ohun tí mo ti pinnu ni pé màá wọlé, màá rí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan tí kò jọ ẹnikẹ́ni, màá padà jáde. Mo ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ pupa ni. Ó ní èjí. Ẹ̀rín yẹn kan náà ni, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n máa tó bá wí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo nàka sí tíì. Èmi ọmọ Ìbàdàn tó ń jẹ máńgòrò itẹ́ òkú, mo ti ń fojú wá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó na ife sí mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó tutù. Ó gbóná.

Mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀dọ̀yọ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e, ó sọ èdè kan tí mi ò gbọ́ rí, ó rẹ́rìn-ín, ó ráhùn díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní kí n má bínú, ìyá òun ni. Ó ní Limerick ni ìyá òun wà, ọmọ Zimbabwe ni, gbogbo Sunday ló máa ń pe òun láti mọ̀ bóyá òun ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo ojú mi, ó ní, "Are you all right? Sit down, you're grand."

Ó yẹ kí ara tù mí. Kò tù mí. Ọkàn mi bà jẹ́ gan-an ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé láti àná ni mo ti ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n mi pé kó jẹ́ òun ni, kí n lè sọdá lọ sọ fún ìyá yẹn pé, "Mọ́mì, òun ni, ó wà níbẹ̀." Ní báyìí, Zimbabwe àti Limerick ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn. Mo ń wá bí màá ṣe gbé e kalẹ̀.

Ọmọ náà ti ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ṣé èèyàn yín nìyẹn, tó dúró sínú òtútù?"

Kí n tó la ẹnu, ó ti da tíì sínú ife bébà, ó ti dé e, ó ti jáde. Onínúure ọmọ ni. Mo sáré tẹ̀lé e. Ó ti dé àárín títì, ó ń na ife náà síwájú, ó ń kí Mọ́mì láti òkèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú ìkùukùu yẹn, kì í ṣe pé ó jọ ọ́ mọ́. Bí mi ò bá gbọ́ fóònù yẹn, èmi gan-an ì bá búra pé òun ni.

Mọ́mì rí i. Mo rí i pé wọ́n rí i. Ara wọn kọ́kọ́ lọ síwájú, apá wọn ṣí. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fa ìborùn bo gbogbo ojú.

"Má wá! Má wá síbí! Padà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, padà sínú ilé!"

Wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n sá. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, lórí ọ̀nà tó ń yọ̀, wọ́n sáré bí ọmọdé, ìkùukùu sì pa dé lẹ́yìn wọn. Ìró bàtà wọn nìkan la ń gbọ́, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ọmọ náà dúró sáàárín títì pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Mo sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Mo dúpẹ́, mo gba tíì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i tó wọlé.

Ní ibùdókọ̀ ni mo ti bá Mọ́mì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kẹ̀yìn sí ìlú náà, aṣọ wọn ti rin gbingbin. Mo fi ife náà sí wọn lọ́wọ́. Òótọ́ kún ẹnu mi. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Mọ́mì," wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè, kí n dúró ná.

"Ṣé ó ti wọlé padà?"

"Ó ti wọlé, mà."

"Kò pòórá?"

"Kò pòórá, mà. Mo fojú mi rí i tó wọlé."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n di ife náà mú sí àyà, wọn ò mu ún. Wọn ò béèrè bóyá òun ni. Mo dúró kí wọ́n béèrè, wọn ò béèrè, bọ́ọ̀sì sì ti ń bọ̀ nísàlẹ̀ òkè, iná rẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú.

"Mo tètè sá, àbí? Ojú wa ò ṣe mẹ́rin."

"Ẹ tètè sá, mà," ni mo wí. "Kò rí ojú yín."