Àlejò Nílé Ìdáná Màámi

Òórùn ẹja yíyan tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná ló máa ń jí mi nílé wa ní Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ìpè ìrun. Òórùn ẹja lákọ̀ọ́kọ́, èéfín igi tútù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ohùn Màámi láti ẹ̀yìnkùlé: "Ràṣídátù! Ṣé orí ẹní yẹn lo fẹ́ gbó sí ni?" Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti wà lórí àpótí, mo ti fi epo pupa ra ọwọ́ kí ewùrà má baà yún mi, mo sì ń rin ewùrà lára páànù tí bàbá mi fi ìṣó dá lu. Epo ni o, kì í ṣe epo ni o, ó máa ń yún mi náà ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ìyà tí mò ń wí.

Ìkọ́kọrẹ́ la fi ewùrà náà ń sè, Màámi kò sì fi ìkọ́kọrẹ́ ṣeré. Bí ọbẹ̀ bá ti ń hó, èèyàn á máa fi ìka bu ewùrà rírin sínú rẹ̀ ní kókó kókó, á dé e, á sì mú ọwọ́ kúrò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi orógùn kàn án títí kókó yẹn á fi jinná. Wọ́n á ní, "Ìkọ́kọrẹ́ tí kò ní kókó, ẹ̀kọ ni. Aláìsàn la sì ń fún lẹ́kọ."

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rù bà mí pé ìkòkò fẹ́ jóná, ni mo bá ki orógùn bọ̀ ọ́, mo rò ó. Gbogbo kókó dà rú. Màámi gba orógùn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi gbá mi ní ìka lẹ́ẹ̀mejì. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n bù ú sáwo, wọ́n ní kí n máa gbé e láti yàrá dé yàrá nínú agbo ilé, kí n kúnlẹ̀, kí n sì máa sọ pé, "Ẹ má bínú, èmi ni mo rò ó." Yàrá mọ́kànlá! Bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Nígbà tí mo sunkún padà wá, Màámi ò bẹ̀ mí. Wọ́n ní, "Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ibi tí kò sí ewùrà ni màá lọ gbé láyé mi.

Mo sì lọ. Ọdún méjìdínlógún rèé tí mo ti wà nílẹ̀ Faransé. Lóòótọ́, n kì í rí ewùrà níbi tí mò ń gbé. Búrẹ́dì ló wà: búrẹ́dì gígùn tó le bí igi ìdáná, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bí ẹni ń lo oògùn. Nígbà tí mo gba ìsinmi wálé lóṣù kẹjọ ọdún yìí, láti inú ọkọ̀ òfurufú ni ẹnu mi ti ń da itọ́. Àbúrò mi, Wàsíù, ló wá gbé mi. Nígbà tí a dé Ìtamaga, ó páákì, ó bọ́ sílẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́ta. Mo ní ta ló ni búrẹ́dì. Ó ní, "Màámi ló rán mi. Wọ́n ní òyìnbó kì í jẹ nǹkan líle láàárọ̀." Mo ní, "Ta ni òyìnbó?" Ó kàn tan rédíò.

Bí ìyọnu mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Ẹ̀pẹ́, Màámi ti tẹ́ aṣọ funfun sórí àga fún mi, wọ́n ti ra omi inú ike, wọ́n sì fi fọ́ọ̀kì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Fọ́ọ̀kì! Nílé tí ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń jẹun! Lọ́jọ́ kejì, mo mú ìgbálẹ̀. Sàídátù, ìyàwó Wàsíù, tí òun àti Màámi jọ ń gbé, já a gbà lọ́wọ́ mi bíi pé ejò ni mo mú. "Áà, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí Alhaja lé mi lọ ni?" Mo gbé garawa, wọ́n gbà á. Mo ní kí Wàsíù gbé mi lọ sí Ẹ̀jìnrìn, létí ọ̀sà, níbi tí mo ti máa ń bá Màámi ra ẹja lọ́jọ́ ọjà. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó kí aṣọ mi má baà tutù, ó ń pè mí ní màdáámù. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn, ojúlówó ti Ẹ̀pẹ́, ló bá pariwo: "Háà! Màdáámù gbọ́ Yorùbá o!" Díẹ̀ ló kù kí n bẹ́ sómi.

Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Wọn ò sọ fún wa pé bí oko bá ti jìnnà jù, àlejò ni wọ́n á fi wá ṣe tí a bá délé.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Sàídátù. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni Màámi ń bá a wí. "Sàídá, irú ata wo lo lọ̀ yìí? Sàídá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?" Wọ́n á wá yíjú sí mi, ohùn wọn á rọ̀ bí òwú: "Ràṣídá mi, ṣé kí wọ́n tan fáànù sí i?" Ẹ gbọ́, mo jowú. Èmi, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, abiyamọ ọlọ́mọ méjì, mò ń jowú ẹni tí wọ́n ń bú.

Lọ́jọ́ Àìkú, Màámi àti Sàídátù lọ sí àsàlátù. Wàsíù ń sùn. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá lè se ìkọ́kọrẹ́ kan ṣoṣo tó dára, wọ́n á gbà pé ọmọ ilé ni mí. Mo wá ewùrà, mo wá páànù. Mo rin ín, ó yún mi dé ìgúnpá, inú mi sì ń dùn. Mo bù ú sínú ọbẹ̀ ní kókó kókó, mo dé e. Níbi tí mo ti ń fọ páànù ni mo ti gbọ́ tí ìkòkò ń hó kùtùkùtù. Ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń ro gbogbo nǹkan lórí iná mànàmáná ló gbé ọwọ́ mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orógùn ti yí po lẹ́ẹ̀mẹta. "Yéè! Mo gbé!" Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n dé. Màámi ṣí ìkòkò, wọ́n wò ó. Mo dúró ti ògiri, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mò ń retí kí wọ́n fi orógùn gbá mi ní ìka. Sàídátù ti kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Màámi bu díẹ̀, wọ́n ṣe Bìsìmílà, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní, "Ó dùn. O kú iṣẹ́, ọmọ mi. O ṣeun gan-an."

Inú bí mi, mo pariwo: "Màámi, kò dùn! Ẹ̀kọ ni! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo rò ó! Kí ló dé tí ẹ ò lè bá mi wí bí ẹ ṣe ń bá Sàídátù wí?"

Wọ́n nu ẹnu wọn. Wọn ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Ràṣídátù, ọ̀túnla, ọjọ́ Àtàláátà, lò ń padà. Ẹni tó máa sè é lẹ́yìn rẹ ni mò ń bá wí." Wọ́n wá na àwo sí Sàídátù: "Ìwọ náà, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Tìẹ ìjọsí ńkọ́?"

Mo jókòó sórí àpótí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rò pé Màámi ò fẹ́ràn mi ni wọ́n ṣe ń nà mí nítorí ewùrà, mo sì ń ka ọjọ́ tí màá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti wá bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, pẹ̀lú ìka wíwú àti omi lójú, ó ní ọ̀la nílé ìdáná yẹn. Èmi, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà ni mo ní.