Mo Ní Ó Ti Lọ Ilé

Lásìkò ìkórè àjàrà, gbogbo ìlú Asti a máa rùn bí ọtí tó ti kan. Òórùn yẹn ló máa ń pàdé mi láàárọ̀ bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Torino, nígbà tí mo ń ṣe badante, tí mò ń tọ́jú bàbá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ti fọ́. Wọ́n jagun ní Ítálì nígbà èwe wọn, wọ́n sì padà wá fẹ́ obìnrin ibẹ̀. Obìnrin náà ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń gbé ní Padova. Papa ni mo ń pè wọ́n.

Ìwé kan wà nílé yẹn tí wọn kì í jẹ́ kí n gbé jìnnà: ìtàn rẹ́jímẹ́ǹtì wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wà. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí ẹrù wọn fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn yá, tí wọ́n máa ń ṣíwájú àwọn yòókù lọ wo ibi tí ọ̀tá wà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń kà á fún wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ títí dé ìgbà tí ìjọba pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, tí orúkọ rẹ̀ sì pa rẹ́. Ká sòótọ́, ó máa ń sú mi. Ogun lẹ́yìn ogun, òkú lẹ́yìn òkú, ọ̀gágun nìkan ni wọ́n ń yìn.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ ogun sí, àti bí ti oníkálukú ṣe parí. Wọ́n dárúkọ ọ̀rẹ́ wọn kan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ létí odò. Àṣẹ dé pé kí wọ́n máa lọ, Papa sì fi í sílẹ̀, wọ́n ṣèlérí pé àwọn ń padà bọ̀. Wọn ò padà.

"Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n wò ó nígbà tí mo ṣì ń ríran," wọ́n ní. "Wá a fún mi."

Mo rí i. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé létí odò náà ló kú sí, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ àwa ọmọ Yorùbá. Ta ló máa wo ojú àgbàlagbà, kó ní ẹni yín kú? A ó ní ó ti sùn, a ó ní ó ti relé. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Papa, ó ti lọ ilé."

Ojú wọn kọ́kọ́ tàn. "Ó délé? Ó dé England?" Kí n tó la ẹnu, ojú náà ti yí padà. "Ó délé, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí mi! Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń jẹ ara mi níyà nítorí rẹ̀." Wọ́n ní kí n lọ da ìwé náà nù.

Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn ni mo tẹ̀ láago, mo ṣàlàyé ohun tí mo sọ àti bí Papa ṣe gbọ́ ọ sí.

"Aspetta," ó ní, kí n dúró, òun á wá lọ́jọ́ Sátidé, òun á fẹnu ara òun sọ fún bàbá òun. Ó bá mi lára mu, nítorí ẹbí ló ń túfọ̀ nílé wa, kì í ṣe àlejò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Papa fi kọjú sí ògiri, tí wọ́n ń ṣépè fún ọmọkùnrin tó ti jẹrà tipẹ́. Wọ́n kọ oúnjẹ. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, mo sì dákẹ́ bí ọ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èémí wọn yí padà. Mo fẹnu sún mọ́ etí wọn, mo pariwo: "Papa, ó kú! Ibi tí ẹ fi í sí ló kú sí. Kò délé." Ọwọ́ wọn kò mira. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́, n kò sì ní mọ̀ láé. Òkú ni ọmọ wọn bá lọ́jọ́ kejì.

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi kú ní Nàìjíríà. Ọmọ mi obìnrin ti ilé ìwé dé sí ilé wa ní Barriera di Milano, ní Torino níbẹ̀, ó rí ojú mi, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Mamma, cos'è successo?"

"Ó ti relé" ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Màmá àgbà ti kú."

Ó fi igbe ta, ó ṣubú lé mi láyà. Ìyàwó pásítọ̀ wa, tó wá kí mi, bi mí pé irú ọkàn wo ni mo ní, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé nìyẹn? Mo gbá ọmọ mi mọ́ra, mo jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Irú ẹkún yẹn ni mo fi du Papa.