Alágbàro Ilé Wa

Kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin tó gbé ọkọ́, á kọ́kọ́ tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi méjèèjì ra ara wọn, á wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jó. Iṣẹ́ àgbàro ló fi tọ́ mi, nínú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ọ̀wọ̀. Iye poro kan náà ni wọ́n ń pín fún ọkùnrin àti obìnrin, ṣùgbọ́n owó obìnrin máa ń kéré. Kì í bá àwọn olóko jà. Á kàn ní, "Koríko kì í béèrè ẹni tó mú ọkọ́ dání."

Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé e lọ, ó parí poro tirẹ̀, ó tún bá ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn ń dùn ro tirẹ̀ tán. Olóko rí i. Nígbà tó ń sanwó, ó rọra sọ fún un pé, "Màmá, iye tí mo fún àwọn ọkùnrin ni mo fún yín. Ẹ má jẹ́ kí àwọn obìnrin tó kù gbọ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n a jọ ro ó ni." Ó dá èyí tó fi lé owó obìnrin padà.

Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí àwọn obìnrin yòókù ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sí obìnrin kankan tó lọ sóko náà. Nígbà tí koríko fẹ́ bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, olóko wá sílé wa.

"Gbogbo yín ni mo wá bẹ̀," ó ní. "Iye kan náà ni n ó san fún ọkùnrin àti obìnrin."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé àga fún un, ó bu omi tútù wá, ó sì ní kí n lọ pe àwọn yòókù, kí wọ́n wá fi etí ara wọn gbọ́.